Kílọ́ọ̀ṣì píkọ́ọ̀pù yín ti ń yọ̀? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó kówó fún mẹkáníìkì

Àwọn àgbà ló ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bí ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi píkọ́ọ̀pù kó ẹyin, tòmátì, bulọ́ọ̀kù, omi inú ọ̀rá, pákó tàbí símẹ́ǹtì kiri mọ̀ pé ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dúró, ọjọ́ náà lọjà dúró. Oníbàárà tó ń retí ẹrù kò ní í béèrè ohun tó ṣe kílọ́ọ̀ṣì yín, ẹlòmíì ni yóò pè.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin oníṣòwò kan ṣe àpẹẹrẹ, ká máa pè é ní Ìyá Ẹlẹ́yin. Ẹ̀yìn odi Ìbàdàn ni ọgbà adìẹ rẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà rẹ̀ sì ń kó ẹyin lọ sí Adó-Èkìtì. Ó ti tó oṣù kan tí dẹ́rẹ́bà ti ń sọ pé, “Màmá, ọkọ̀ yìí ò fẹ́ gun òkè mọ́ o.” Èsì tí Màmá ń fún un ni pé kó rọra máa lò ó, kí wọ́n kọ́kọ́ san gbèsè oúnjẹ adìẹ tó wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ tó burú, ọkọ̀ débi òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè pẹ̀lú ẹrù ẹyin. Dẹ́rẹ́bà ń tẹ iná, ẹ́ńjìnnì ń ké, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò lọ síwájú. Òórùn ohun tó ń jó gba gbogbo inú ọkọ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n sùn mọ́jú, ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n sì háyà láti wá kó ẹyin náà.

Wàhálà tó tẹ̀ lé e tún ju ti ojú ọ̀nà lọ. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní dísìkì nìkan ni kí wọ́n pààrọ̀. Èkejì ní kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pátá, tó fi dórí fíláíwíìlì. Owó tí ẹnì kejì pè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ẹni àkọ́kọ́. Èwo ni kí Màmá gbà? Ṣé ẹni àkọ́kọ́ ló ń ṣàánú rẹ̀ ni, àbí ẹnì kejì ló fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ? Ìbéèrè yìí la fẹ́ dáhùn lónìí.

Iṣẹ́ wo ni kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe?

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe, ohunkóhun tí wọ́n bá sọ fún un ni yóò gbà. Tẹ́ ẹ bá ti tan ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ò gbọ́dọ̀ dúró, ṣùgbọ́n táyà gbọ́dọ̀ lè dúró nínú gosiló tàbí níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbàárà. Kílọ́ọ̀ṣì ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Òun ló ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ jíábọ́ọ̀sì, òun náà ló sì ń já a nígbà tí dẹ́rẹ́bà bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti pààrọ̀ jíà.

Nǹkan mẹ́rin ló yẹ kẹ́ ẹ forúkọ mọ̀. Àkọ́kọ́ ni fíláíwíìlì, irin rìbìtì tó wúwo, tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́ tàbí ata, tó ní irin ńlá rìbìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó máa ń yí lọ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìwúwo yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ta gìrì-gìrì. Etí fíláíwíìlì ọkọ̀ tún ní eyín yíká, eyín yìí ni kíkì sítátà ń gbá mú láti tan ọkọ̀.

Ìkejì ni dísìkì, tí ojú rẹ̀ méjèèjì ní ohun líle kan lára tó jọ ti páàdì bíréèkì. Ìkẹta ni pirẹ́ṣọ̀ pléètì, tó ní sípíríìngì alágbára nínú. Òun ló ń fún dísìkì pinpin mọ́ ojú fíláíwíìlì. Ìkẹrin ni bíárìn kílọ́ọ̀ṣì, tó máa ń ti ìka sípíríìngì yẹn nígbà tí dẹ́rẹ́bà bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí pirẹ́ṣọ̀ pléètì lè tú dísìkì sílẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, fíláíwíìlì, dísìkì àti pirẹ́ṣọ̀ pléètì yóò máa yí pọ̀ bí ẹyọ kan ṣoṣo. Ìgbà tí ara dísìkì bá ti jẹ tán, tàbí tí sípíríìngì ò lágbára mọ́, tàbí tí ọ́ìlì ti kán sí i, ìdìmú yẹn á dẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa sáré, ọkọ̀ á sì máa rìn bí ìgbín. Ohun tí wọ́n ń pè ní kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀ nìyẹn.

Àmì tí ọkọ̀ máa ń fi hàn

Kílọ́ọ̀ṣì kì í sábà kú lójijì. Ó máa ń fi àmì hàn, ẹni tó ń wo nǹkan nìkan ló ń rí i. Bí dẹ́rẹ́bà yín bá ṣàlàyé ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ má pè é ní alárìíwísí.

Tẹ́ ẹ bá tẹ iná pẹ̀lú ẹrù lórí òkè, tí ariwo ẹ́ńjìnnì lọ sókè ṣùgbọ́n tí eré ọkọ̀ ò kúrò lójú kan, ó ti ń yọ̀ nìyẹn. Jíà tó ga, bíi kẹrin tàbí karùn-ún, ló máa ń kọ́kọ́ tú u fó. Tí òórùn ohun tó ń jó bá ń jáde lẹ́yìn gosiló tàbí òkè, ara dísìkì ló ń jó. Tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n gìrìgìrì nígbà tó bá fẹ́ gbéra, ó ṣeé ṣe kí ojú fíláíwíìlì ti bàjẹ́ tàbí kí ọ́ìlì ti dé ara dísìkì. Tí ariwo bá ń jáde nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tó sì ń dákẹ́ tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, bíárìn kílọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò ni ariwo ń jáde nígbà tí ọkọ̀ wà ní fúrì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú jíábọ́ọ̀sì ni wàhálà wà.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ lọ síbi tó tẹ́jú, tí kò sí ẹnikẹ́ni níwájú tàbí lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ fa háńdì bíréèkì dáadáa, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi ọkọ̀ sí jíà kẹta tàbí kẹrin, kẹ́ ẹ wá rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá dára, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó, ẹ má ṣe é ní àṣetúnṣe, nítorí ńṣe ni yóò túbọ̀ máa jó o.

Kì í ṣe gbogbo wàhálà ni ti kílọ́ọ̀ṣì

Ibí yìí lowó ti ń sọnù. Bí jíà bá ń ṣòroó wọlé, tí ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì ń wọlẹ̀ tàbí tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ó lè má jẹ́ dísìkì rárá. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ló ń fi ọ́ìlì bíréèkì gbé agbára láti ẹsẹ̀ dé jíábọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lókè lẹ́yìn ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì, èkejì wà nísàlẹ̀ lára jíábọ́ọ̀sì. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ń jò, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá wọ inú ọ̀nà ọ́ìlì, kílọ́ọ̀ṣì ò ní í já dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àtúnṣe yẹn ò gba pé kí wọ́n sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti kílọ́ọ̀ṣì.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gbà fún mẹkáníìkì láti sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, ẹ ní kó fi ọ́ìlì inú agolo kílọ́ọ̀ṣì hàn yín, kó yẹ ẹ̀rọ òkè àti tìsàlẹ̀ wò, kó sì wakọ̀ náà lójú yín. Ọkọ̀ tí okùn wáyà ń fa kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ńkọ́? Kó yẹ wáyà náà wò bóyá ó le jù tàbí ó dẹ̀ jù. Wáyà tó le jù lè mú kí kílọ́ọ̀ṣì tuntun máa yọ̀.

Ṣé dísìkì nìkan ni àbí gbogbo rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè Ìyá Ẹlẹ́yin. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé ibi tí dísìkì wà ló le jù láti dé. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí ọwọ́ tó tó o. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n máa ṣe yálà dísìkì nìkan ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀ tàbí gbogbo rẹ̀. Owó iṣẹ́ kan náà lẹ óò san, ọkọ̀ á sì dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwọn iye tá a fẹ́ lò yìí wà fún ìṣírò nìkan, iye tí ọjà bá pè lẹ óò fi rọ́pò wọn. Ká ní dísìkì nìkan jẹ́ ₦60,000, owó iṣẹ́ jẹ́ ₦40,000, ọkọ̀ sì máa ń mú èrè ₦30,000 wọlé lójúmọ́. Tí ọkọ̀ bá dúró fún ọjọ́ méjì, ₦60,000 ni èrè tó sọnù. Àpapọ̀ jẹ́ ₦160,000.

Tí wọ́n bá wá pààrọ̀ dísìkì, pirẹ́ṣọ̀ pléètì àti bíárìn lápapọ̀, ká ní ₦150,000 ni gbogbo rẹ̀, owó iṣẹ́ ₦40,000, owó tí wọ́n fi fá ojú fíláíwíìlì ₦20,000, ọkọ̀ sì dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn èrè ₦90,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦300,000. Ẹni tó bá wo owó tó máa jáde lọ́wọ́ lónìí nìkan yóò sọ pé dísìkì nìkan ló dára jù.

Ṣùgbọ́n bí pirẹ́ṣọ̀ pléètì àtijọ́ bá wá dẹ̀ tàbí tí bíárìn fọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, a ó tún san ₦300,000 yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àpapọ̀ á wá di ₦460,000. Lóòótọ́, oṣù mẹ́fà tí ọkọ̀ fi ṣiṣẹ́ kì í ṣe òfo pátápátá. Àmọ́, bíárìn tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan lè mú kẹ́ ẹ san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kọ́kọ́ sì tún dá ọkọ̀ dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń sọ pé nǹkan mẹ́ta yẹn ni kẹ́ ẹ jọ pààrọ̀. Ó kéré tán, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá bíárìn àtijọ́ padà.

Ìgbà wo ni dísìkì nìkan lè tó? Bí pirẹ́ṣọ̀ pléètì ò bá tíì pẹ́ nínú ọkọ̀, tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán láìní ilà tàbí àmì iná, tí gbogbo ìka sípíríìngì rẹ̀ sì dọ́gba. Nígbà náà, ẹni tí owó há mọ́ lọ́wọ́ lè dá a sí, ṣùgbọ́n kó fi ojú ara rẹ̀ rí i kó tó gbà.

Fíláíwíìlì: ká fá a ni àbí ká pààrọ̀ rẹ̀?

Èyí ni èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Dísìkì tuntun tí wọ́n gbé lé ojú fíláíwíìlì tó ti bàjẹ́ dà bí ẹní fi táyà tuntun sí rímù tó ti wọ́. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n, dísìkì á sì tètè jẹ.

Bí wọ́n bá ti tú pirẹ́ṣọ̀ pléètì, ẹ wo ojú fíláíwíìlì dáadáa. Tó bá tẹ́jú, tí kò sí ilà jíjìn tàbí àmì jíjó, kí wọ́n nu ún mọ́, kí wọ́n sì máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá ní ilà, tàbí ojú àmì búlúù níbi tí iná ti jó o, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá irin lè fá a títí yóò fi tẹ́jú padà. Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ gbé jáde ló máa ń sọ ìwọ̀n náà. Bí wọ́n bá fá a kọjá ààlà, irin yẹn á tinrin jù. Lára àwọn fíláíwíìlì kan sì rèé, ibi tí dísìkì ń jókòó sí àti ibi tí pirẹ́ṣọ̀ pléètì ń jókòó sí ò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ wá. Tí wọ́n bá fá ọ̀kan láì fá èkejì, ìdìmú kílọ́ọ̀ṣì á yàtọ̀. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á béèrè nípa èyí kó tó tan ẹ̀rọ.

Tí ojú irin náà bá ti là, tí ilà rẹ̀ jìn wọnú, tàbí tí eyín etí rẹ̀ ti jẹ débi pé kíkì sítátà ò rí nǹkan gbá mú mọ́, ẹ má fá a. Irin tó ti là tó tún ń yí bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan lè fọ́ sí wẹ́wẹ́, ohun tó sì bá jáde lára rẹ̀ lè wọ inú ọkọ̀. Bó bá jẹ́ eyín nìkan ló jẹ, eyín náà ṣeé pààrọ̀ lórí ọ̀pọ̀ fíláíwíìlì láì ra gbogbo irin.

Ẹ tún fetí sí èyí dáadáa. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́, bíi Peugeot 504 àti Toyota Hilux ti àwọn ọdún 1980 àti 1990, fíláíwíìlì kan ṣoṣo tó jẹ́ irin gbọinrin ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n lára àwọn tuntun tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, bíi Nissan Navara tí wọ́n ń pè ní D40, fíláíwíìlì alápá méjì ló wà nínú wọn. Irin méjì ni, sípíríìngì wà láàárín wọn kó lè gba gìrì-gìrì ẹ́ńjìnnì mọ́ra. Irú eléyìí kì í ṣe ohun tí wọ́n máa ń fá. Bí sípíríìngì inú rẹ̀ bá ti bàjẹ́, ẹ óò máa gbọ́ ìró kàkà-kàkà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́ tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa á. Pípààrọ̀ ni, owó rẹ̀ sì pọ̀ gan-an. Àwọn kan máa ń yí i padà sí irin gbọinrin kan ṣoṣo pẹ̀lú dísìkì tó bá a mu. Ó ń dín owó kù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè máa pariwo tàbí kó máa gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ béèrè irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín kẹ́ ẹ tó dá owó, nítorí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lè gba gbogbo èrè oṣù kan.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá di mẹkáníìkì kẹ́ ẹ tó mọ ìgbésẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ rí. Wọ́n á kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì, wọ́n á gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n á sì fi ìdúró irin tì í. Jáàkì nìkan ò tó rárá, ẹni tó bá wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́. Wọ́n á tú ṣáàfùtì gígùn tó lọ sẹ́yìn, wọ́n á fi àmì sí i kó lè padà sójú ibi tó wà. Ọkọ̀ tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa ara rẹ̀ á tún gba iṣẹ́ sí i. Wọ́n á tú kíkì sítátà, ẹ̀rọ kílọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ àtàwọn wáyà, wọ́n á fi nǹkan gbé ẹ́ńjìnnì dúró, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ó wúwo, kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo dá a gbé.

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti dé ibẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì àti síìlì iwájú jíábọ́ọ̀sì hàn yín. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń jo ọ́ìlì, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Síìlì ò wọ́n, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó bá kán sára dísìkì tuntun ti bà á jẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Kí wọ́n tún wo bíárìn kékeré tó wà láàárín fíláíwíìlì, lára ọkọ̀ tó bá ní in.

Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fẹ́ eruku inú ibẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ kọ̀ńpírẹ́sọ̀. Àwọn dísìkì àtijọ́ kan ní asbestos nínú, eruku yẹn sì lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá tó lè fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Aṣọ tó tutù ni kí wọ́n fi nu ún.

Nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà, bóòtù fíláíwíìlì gbọ́dọ̀ le dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ, ẹ̀rọ tó ń wọn líle bóòtù ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe agbára apá. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí bóòtù yìí kì í ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì, tuntun ni wọ́n ń rà. Dísìkì ní ojú tó kọjú sí fíláíwíìlì, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí i lára. Tí wọ́n bá gbé e sódì, kílọ́ọ̀ṣì ò ní í já. Kí wọ́n nu ọ́ìlì tó wà lójú irin tuntun kúrò, kí wọ́n sì má fi ọwọ́ tó lọ́ọ̀ìlì kan dísìkì. Kí wọ́n fi irinṣẹ́ tó ń mú dísìkì wà láàárín gbùngbùn dè é, kí wọ́n sì máa le bóòtù pirẹ́ṣọ̀ pléètì díẹ̀díẹ̀ ní ìdojúkọra, kì í ṣe kí wọ́n le ọ̀kan tán kí wọ́n tó kan èkejì. Bí wọ́n bá ń gbé jíábọ́ọ̀sì padà, kò gbọ́dọ̀ fi ara rọ̀ mọ́ dísìkì, ó lè tẹ̀ ẹ́.

Bí ọjà bá wà nílẹ̀, tí fíláíwíìlì ò sì gba fífá, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń fi táyà ẹ̀yìn nìkan wa ara rẹ̀ lè parí láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ ra ọjà ṣáájú, kí ọkọ̀ má báa wà lórí ìdúró irin nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń wá dísìkì kiri.

Ẹ ṣọ́ra lọ́jà

Ládìípọ̀ ní Mushin, ASPAMDA tó wà ní Trade Fair l'Ékòó, àti Gate n'Ìbàdàn, gbogbo ibẹ̀ lẹ ti lè rí kílọ́ọ̀ṣì. Ayédèrú wà níbẹ̀, ojúlówó náà wà níbẹ̀. Ẹ mú dísìkì àtijọ́ dání, kẹ́ ẹ fi wé tuntun: fífẹ̀ rẹ̀, iye eyín tó wà láàárín, àti gíga rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ sílẹ̀, nítorí orúkọ ọkọ̀ nìkan ò tó. Hilux ju irú kan lọ.

Tòkúnbọ̀ ńkọ́, èyí táwọn ọlọ́jà ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù? Fíláíwíìlì tòkúnbọ̀ tí ojú rẹ̀ dára, tí kò là, lè wúlò. Ṣùgbọ́n dísìkì tòkúnbọ̀ dà bí páàdì bíréèkì tí ẹlòmíì ti lò, ẹ ò mọ iye tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Ẹ yẹra fún un bí agbára bá wà.

Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, tó gbé àjọ FCCPC kalẹ̀, sọ pé ẹni tó ń ta ohun tí wọ́n ti lò tàbí tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀, ó sì fi dandan lé e kí olùtajà fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tó rà. Nítorí náà, ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ ọ́ sí i bóyá tuntun ni tàbí tòkúnbọ̀. Ẹ gba àwọn ẹ̀yà àtijọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì pẹ̀lú. Ẹni tó bá pààrọ̀ ohun tó sọ lóòótọ́ ò ní í kọ̀ láti kó wọn fún yín.

Ẹ má sì yà á sí ìyanu bí iye ọjà bá yí padà lójijì. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́jà wa ti ń wá. Dọ́là kan ò tíì tó ₦500 ní ọjà ìjọba kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Owó ẹ̀yà ọkọ̀ bá a gun òkè.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Kílọ́ọ̀ṣì tuntun ní láti mọ́ ojú fíláíwíìlì lára. Fún bíi 500 kìlómítà àkọ́kọ́, kí dẹ́rẹ́bà máa rọra gbéra, kó má fa ẹrù tó wúwo jù, kó má sì fi eré ìje gbéra. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ fi ọ̀nà inú ìlú bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òkè Ẹ̀fọ̀n.

Ìwà mẹ́ta ló ń jẹ kílọ́ọ̀ṣì jù. Àkọ́kọ́ ni kí dẹ́rẹ́bà máa gbé ẹsẹ̀ lé orí kílọ́ọ̀ṣì nígbà tó bá ń wakọ̀ lọ. Ìkejì ni kó máa fi kílọ́ọ̀ṣì dá ọkọ̀ dúró lórí òkè dípò kó lo háńdì bíréèkì. Ìkẹta sì jẹ́ ti ẹ̀yin ọ̀gá: ẹrù àkúnwọ́sílẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ rò pé ẹ jèrè nínú àpò símẹ́ǹtì mẹ́wàá tẹ́ ẹ fi kún un, kílọ́ọ̀ṣì ló ń san án.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan sínú ọkọ̀. Kí dẹ́rẹ́bà máa kọ ọjọ́, iye kìlómítà, ẹrù tó gbé, àti ohun tuntun tó bá gbọ́ tàbí tó gbóòórùn. Kẹ́ ẹ sì máa yọ owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú gbogbo ìrìn àjò. Bí ọkọ̀ bá rin ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tẹ́ ẹ sì ń fún alájọ ní ₦3,000 lórí ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, láàárín ọ̀sẹ̀ 50, ₦300,000 ti wà nílẹ̀. Iye yẹn gan-an la ṣírò fún àtúnṣe tó pé lókè. Kì í wá í ṣe gbèsè mọ́, owó tí ọkọ̀ ti fi ara rẹ̀ pa ni.

Kí wá ni ìdáhùn fún Ìyá Ẹlẹ́yin? Mẹkáníìkì méjèèjì lè jẹ́ olóòótọ́. Ẹni àkọ́kọ́ ń wo owó tó wà lápò rẹ̀ lónìí, ẹnì kejì ń wo òkè tí ọkọ̀ máa gùn lọ́dún tó ń bọ̀. Kó má gba ti ẹnikẹ́ni nínú wọn tìtorí ẹnu dídùn. Kó ní kí wọ́n sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, kó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kó wo ojú fíláíwíìlì, kó wo síìlì, kó pààrọ̀ dísìkì, pirẹ́ṣọ̀ pléètì àti bíárìn lápapọ̀, kó sì jẹ́ kí ojú irin tó rí sọ fún un bóyá fífá ni àbí pípààrọ̀. Ohun kan sì tún kù: ìgbà mìíràn tí dẹ́rẹ́bà bá ní ọkọ̀ ò fẹ́ gun òkè mọ́, kó gbé owó oúnjẹ adìẹ tì fún ọjọ́ díẹ̀, kó kọ́kọ́ gbọ́ ti dẹ́rẹ́bà. Olóúnjẹ adìẹ lè ṣe sùúrù fún ọ̀sẹ̀ kan, òkè Ẹ̀fọ̀n ò mọ sùúrù.